Àga Y, J39 àti àga rọ́bà Eames: èwo ló yẹ tábìlì oúnjẹ yín?

Ẹni tó bá ń wá àga ìdí tábìlì láàárín àwọn àga tó gbayì láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, mẹ́ta yìí ló sábà máa ń kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá ti yọ àwọn tí apá rẹ̀ kò ká kúrò. Àkọ́kọ́ ni CH24 tí Hans J. Wegner, ayàwòrán àga ará Dẹ́nmáàkì, yà ní 1949. Àwọn kan ń pè é ní àga Y nítorí igi tó là sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, Wishbone ni orúkọ tí ẹ ó máa bá pàdé lọ́jà Amẹ́ríkà àti ti ìlú Ọba. Èkejì ni J39 tí Børge Mogensen, ará Dẹ́nmáàkì bíi tirẹ̀, yà ní 1947. Ẹ̀kẹta ni àga oníkárahun rọ́bà tí Charles àti Ray Eames, tọkọtaya kan, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1950. Gbogbo wọn ṣì ń jáde nílé iṣẹ́ títí dòní.

A ò ní jiyàn lórí ẹwà níbí. Ohun tó wu kálukú lojú rẹ̀ ń rí. Ohun tí a fi wọ́n wéra ni pé: apá wo lára àga náà ló máa kọ́kọ́ gbó, kí ló ń fà á, ta ló sì lè tún un ṣe?

Ibi tí wọ́n ti wá

Odense ní Dẹ́nmáàkì ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Carl Hansen & Søn sílẹ̀ ní 1908. Ní 1949 ni Wegner bẹ̀rẹ̀ sí í yà àga fún wọn, CH24 sì bọ́ sọ́jà ní 1950. Láti ìgbà náà, wọn ò dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró rí. Àwòrán àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì tó jókòó sórí àga àwọn ará Ṣáínà ayé àwọn ọba Ming ló fa ojú Wegner mọ́ra. Ó ti kọ́kọ́ yà àga Ṣáínà kan fún ilé iṣẹ́ mìíràn, Fritz Hansen, ní 1944. Àga Y ni ọmọ ìyá rẹ̀ tó fúyẹ́. (Àwọn olùtajà kan máa ń sọ pé àga Y ni Kennedy jókòó lé nígbà tó ń bá Nixon jiyàn lórí tẹlifíṣàn nínú ìdíje ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1960. Irọ́ ni. Wegner ló ya ìyẹn náà, ṣùgbọ́n àga mìíràn ni, ó tóbi jù ú lọ, owó rẹ̀ sì le ju ti àga Y lọ dáadáa.)

Mogensen jẹ́ ọ̀rẹ́ Wegner. Òun ló ń darí ẹ̀ka àga àti tábìlì ní FDB, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá kan ní Dẹ́nmáàkì, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ni kó ṣe àga tí owó òṣìṣẹ́ lásán lè rà. Àga àwọn ẹlẹ́sìn Shaker ní Amẹ́ríkà ló wò ṣe J39. Àga aráàlú ni wọ́n ń pè é nílé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ilé iṣẹ́ Fredericia ló ń ṣe é báyìí.

Ti Eames wá láti inú ìdíje àga olówó pọ́ọ́kú tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York ṣe ní 1948. Kárahun fáíbà (rọ́bà tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì fún lágbára) tí ilé iṣẹ́ Zenith Plastics ní California tẹ̀ jáde fún ilé iṣẹ́ Herman Miller ni àwọn tó kọ́kọ́ dé ọjà, òun sì ni àga rọ́bà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Lónìí, ilé iṣẹ́ Vitra ló ń ṣe é fún Yúróòpù, Herman Miller ló ni ti Amẹ́ríkà.

Ẹ dojú àga Y bolẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Tí ẹ bá wò ó, ó yí sẹ́yìn, ó tún yí síwájú kó tó dé abẹ́ apá, ẹ ó sì rò pé ṣe ni wọ́n fi ooru tẹ̀ ẹ́. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Inú pákó pẹrẹsẹ tó nípọn ni wọ́n ti gé e bẹ́ẹ̀, wọ́n wá fi igun kan gbé e dúró nígbà tí wọ́n ń to àga pọ̀, ló fi dà bíi pé ó lọ́ lọ́nà méjì. Èyí tí wọ́n fi ooru tẹ̀ ni igi òkè, tó jẹ́ apá ọ̀tún, apá òsì àti ibi tí ẹ̀yìn ń fara tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni. Wọ́n á fi ooru omi gbígbóná rọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ.

Igi Y tó wà láàárín kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Igi òkè yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sì jìnnà síra wọn. Bí kò bá sí ohun tó gbé e ró láàárín, gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fẹ̀yìn tì í ni agbára rẹ̀ á máa fa oríkèé méjèèjì. Y ló ń gbé ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀ sí igi ẹ̀yìn ìjókòó. Nítorí náà, tí ẹ bá rí èyí tí Y rẹ̀ ń mì nínú ihò rẹ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ mọ̀ pé oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ti ń jìyà.

Ìgbésẹ̀ tó lé ní 100 ni àga kan máa ń gbà kọjá kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Èyí tó gba sùúrù jù ni ìjókòó: nǹkan bíi 120 mítà okùn pépà, tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n máa ń hun fún bíi wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni, pépà ni. Lásìkò ogun àgbáyé kejì, nígbà tí okùn tó ń wá láti òkè òkun di ọ̀wọ́n ní Dẹ́nmáàkì, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ pépà líle ní fọ́nrán mẹ́ta pọ̀ di okùn fún àga. Ogun parí, okùn náà kò kúrò, torí ó le, kì í ta ènìyàn lára, kì í sì í já lójijì.

Ibi tó máa kọ́kọ́ gbó nìyẹn, etí iwájú ni ó sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni itan ń yí lé nígbà tí ènìyàn bá ń jókòó tàbí tó ń dìde. Bọ́tìnì àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, kọ́kọ́rọ́ inú àpò, àti léèsì onísítóònù tí a fi ń lọ òde máa ń họ ọ́ bíi sándípépà. Tí ẹ bá rí irun wẹ́wẹ́ tó hù sórí okùn níbẹ̀, kò tíì di wàhálà. Tí fọ́nrán kan nínú mẹ́ta bá ti já, ẹ máa múra àtúnhun sílẹ̀. Ní ilé tí wọn kì í fi àga ṣe àtẹ̀gùn fún ọmọdé, ìjókòó kan lè lò ju 20 ọdún lọ.

Omi lásán kì í pa á. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ fà á mu kíá, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́, ẹ má gbé e sí oòrùn. Ìdọ̀tí ojoojúmọ́, aṣọ tí ẹ fún dáadáa ti tó. Epo pupa ni ọ̀tá rẹ̀: ọbẹ̀ tó bá kán sí okùn funfun, ibẹ̀ ni yóò gbé. Ilé tí ọmọdé ti ń jẹ àmàlà lórí tábìlì lójoojúmọ́, ẹ ra èyí tí okùn rẹ̀ dúdú, tàbí kẹ́ ẹ ra tìmùtìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un.

Ti igi rẹ̀ ńkọ́? Oak, beech, ash àti walnut ni ẹ máa ń rí jù. Beech ni owó rẹ̀ máa ń dínkù jù, òun náà ló sì máa ń fẹ̀ tó sì máa ń sún kì jù nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ẹni tó bá gbé e wá sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kó fi èyí sọ́kàn: òjò á mú kó wú, ọyẹ́ á mú kó sún kì, oríkèé á sì máa gba ìjà náà mọ́ra lọ́dọọdún. Ibi tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí tààrà tún burú ju ọyẹ́ lọ.

Oak tí wọ́n fi ọṣẹ pa rẹwà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀. Ẹ po ọṣẹ funfun oníwẹ́wẹ́, bíi gíráàmù 50, mọ́ omi gbígbóná lítà 1, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi kànrìnkàn rírọ̀ fi pa igi, ẹ nu àṣẹ́kù kúrò. Tó bá gbẹ, igi á dìde díẹ̀, á rí gbágungbàgun lọ́wọ́. Ẹ fi sándípépà 240 tàbí èyí tó kúnná jù ú lọ rà á, ní ìtọ́sọ́nà tí ìlà igi ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi ọṣẹ ta sí okùn. Èyí tí wọ́n fi òróró pa rọrùn jù: ẹ fi aṣọ pa òróró tín-ínrín, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ nu gbogbo èyí tí igi kò bá mu. Aṣọ olóròóró yẹn, ẹ má ká a jọ sínú garawa ìdọ̀tí o. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi.

Títún ìjókòó hun

Níbi yìí ni àga Y ti fi gbọ̀ọ̀rọ̀ gba ipò iwájú lọ́kàn wa, torí ohun tó ń gbó lára rẹ̀ ni ohun tó ṣeé pààrọ̀, láìfọwọ́ kan igi rárá. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń hun àga olókùn lè kọ́ ọ ní ọjọ́ méjì. Ẹ ra okùn olójú mẹ́ta, 130 mítà, kó lè ṣẹ́kù díẹ̀.

Ẹ gé okùn àtijọ́ dànù, ẹ yọ ìṣó wẹ́wẹ́ inú férémù, ẹ fi ọwọ́ mi gbogbo oríkèé. Bí ọ̀kan bá ń mì, àsìkò tí ìjókòó kò sí yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ tún un lẹ̀.

Iwájú ìjókòó náà fẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ibẹ̀ sì ni aláìmọ̀kan ti máa ń kọsẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun yíká lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn á ti kún nígbà tí iwájú ṣì là sílẹ̀. Ẹ fi tépù wọn igi iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ẹ pín in sí méjì: ìdá kan ní igun òsì, ìdá kan ní igun ọ̀tún, ìyẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ dí. Ẹ kan orí okùn kúkúrú mọ́ inú igi ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ gbé e gba orí igi iwájú, ẹ mú un gba abẹ́ jáde sáàárín, ẹ gbé e gba orí igi ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ tún mú un gba abẹ́ jáde, kó wá sọdá lọ sí ọ̀tún. Ẹ ṣe bákan náà níbẹ̀, ẹ kan ìparí rẹ̀ mọ́ inú igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Òmíràn tẹ̀ lé e, títí ohun tó ṣẹ́ kù níwájú fi bá ẹ̀yìn dọ́gba.

Ìgbà yẹn ni ẹ tó máa fi okùn gígùn yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Okùn tó ju mítà 15 lọ lẹ́ẹ̀kan á máa lọ́ mọ́ra, á sì máa họ nígbà tí ẹ bá ń fà á kọjá láàárín. Ẹ máa so òmíràn mọ́ ọn lábẹ́, kí kókó náà bọ́ sáàárín okùn òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi pákó kékeré àti òòlù gbá okùn súnmọ́ra. Ìlà tó ń ti igun wá sáàárín gbọ́dọ̀ tọ́ gbọnrangandan. Tó bá ti ń wọ́, okùn kan ti gun èkejì lórí níbì kan. Ẹ tú u padà títí dé ibẹ̀, torí kò ní tọ́ fúnra rẹ̀. Tí igi ẹ̀gbẹ́ bá ti kún tán, àlàfo tóóró á ṣẹ́ kù láti iwájú dé ẹ̀yìn: ẹ máa fi okùn lọ, ẹ máa fi bọ̀, kó máa gba àárín kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bíi 8, títí yóò fi dí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni okùn tí kò le. Lójú, ó lè dára lọ́jọ́ tí ẹ hun ún. Láàárín oṣù díẹ̀, ìjókòó á ti jìn bí abọ́. Fífà líle máa ń pa ọwọ́, ẹ fi tépù wé ìka ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má sì rì okùn sómi kó lè rọ̀, pépà tó bá gbẹ lẹ́yìn tó ti fà máa ń tú.

J39: ìlànà kan náà, igi tó tún rọrùn jù

Okùn pépà kan náà ni, ọnà ìhun kan náà ni, kò sì ní apá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́, pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo tó tẹ̀ díẹ̀ ni ibi ìfarati. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ra nǹkan ni pé kò sí igi kankan lára rẹ̀ tó ṣòro fún káfíńtà tó ní ẹ̀rọ tó ń yí igi. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó kán, ó lè yí òmíràn. Igi òkè àga Y tó kán, kò sẹ́ni tó máa bá yín tẹ òmíràn ládùúgbò. Ilé iṣẹ́ ni yóò padà sí.

Ohun tó máa ń ṣe J39 jù ni oríkèé tó tú, torí àwọn ọmọdé máa ń gun ọ̀pá ìsàlẹ̀, àwọn àgbà sì máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì gbé e dúró, wọ́n á máa mì lórí rẹ̀. (Ó ń ṣe àga Y náà.) Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó sí i. Ìṣó á la ọ̀pá náà sí wẹ́wẹ́, ẹni tó bá sì wá tún un ṣe lẹ́yìn náà kò ní rí ibi dì mú. Gọ́ọ̀mù tuntun lórí gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà kì í mú. Ẹ fi òòlù rọ́bà yọ oríkèé náà jẹ́jẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí igi fi hàn, ẹ fi tuntun sí i, ẹ gbé àga sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi okùn yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ẹ fi igi lọ́ okùn náà kó le, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Níbi ìrọ̀rùn, àga Y ló borí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹun tán tó tún fẹ́ jókòó ṣọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì á gbádùn apá tó lè gbé ọwọ́ lé, á sì lè yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó fi apá náà ṣe ibi ìfarati. J39 ní kí ẹ jókòó dọ́gba. Àmọ́ J39 máa ń rọ ẹni tó sanra lọ́rùn jù, torí kò sí ohun tó há a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Eames: ìgbà tó bá dáa, ó dáa, ìgbà tó bá fọ́, ó parí

Kárahun kan ni, tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ìdí àti ẹ̀yìn ènìyàn, ẹ sì lè gbé e lé oríṣiríṣi ẹsẹ̀. DSW ni ti ẹlẹ́sẹ̀ igi, DSR ni ti wáyà tó dà bí ilé gogoro Eiffel ní Paris. Àwọn tuntun, rọ́bà polypropylene ni. Wọ́n fi rọ́pò fáíbà ayé ọjọ́un nítorí ìbàjẹ́ tí ṣíṣe rẹ̀ ń ṣe fún àyíká. Ní 2013 ni Herman Miller tún mú fáíbà padà wá lọ́nà tó mọ́ jù.

Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìmọ́tótó, kò sí èyí tó tó o nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Epo pupa, ẹ nù ún, ó tán. Ṣùgbọ́n rọ́bà náà máa ń họ. Ìlà tí ẹnu kọ́kọ́rọ́ bá fà sí i, kò sí ohun tó ń mú un kúrò. Oòrùn ojú fèrèsé á sì máa ṣá àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀. Kárahun tó bá sán, ẹ kì í lẹ̀ ẹ́, ẹ máa ra òmíràn ni.

Ti fáíbà àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó san owó ńlá fún àlòkù. Rọ́bà róbóróbó mẹ́rin tó ní irin nínú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ kárahun, ara wọn ni wọ́n ti ń fi súkúrù de ẹsẹ̀. Rọ́bà yẹn ló ń jẹ́ kí àga náà mì díẹ̀ tí ẹ bá jókòó. Bó bá ti pẹ́, á gbẹ, á le bí òkúta, á sì já kúrò lójijì. Ẹ dojú àga bolẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan: tí kò bá rọ̀ rárá, tàbí tó ní ìlà wẹ́wẹ́ yíká, ẹ ka owó pípààrọ̀ rẹ̀ mọ́ owó àga. Ẹ ó họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ tuntun, ẹ ó gbé ẹrù lé e fún odidi ọjọ́ kan. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti họ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo imú àti ẹnu, torí eruku fáíbà máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń yún ènìyàn lára fún ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ mú tépù

Àga Y: fífẹ̀ 55 sẹ̀ǹtímítà, jíjìn 51, gíga 76, ìjókòó rẹ̀ 45 sí ilẹ̀. Apá rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 70. Tábìlì tí ìsàlẹ̀ pákó etí rẹ̀ bá kéré ju ìyẹn lọ, apá àga kò ní wọlé; àmọ́ nítorí pé Wegner gé apá náà kúrú, ẹ ó ṣì lè sún mọ́ oúnjẹ yín. Ẹ kàn mọ̀ pé àga á máa yọ síta ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí kò sí ẹni lórí rẹ̀, ní yàrá tóóró ìyẹn á máa dí ọ̀nà.

Ẹ fi 60 sẹ̀ǹtímítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wọn gígùn tábìlì lókè, àárín ẹsẹ̀ tábìlì sí ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Tábìlì tí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150, àga Y méjì ló lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìha. J39, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 48, mẹ́ta lè há wọ ibẹ̀ tipátipá. DSW ti Vitra fẹ̀ tó 46.5, gíga rẹ̀ 83, ìjókòó rẹ̀ 43. Ẹ kíyè sí ìjókòó yẹn. Àwọn àtijọ́ kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní bíi 2 sẹ̀ǹtímítà, nígbà tó ṣe ni wọ́n gbé e sókè. Bí ẹ bá pa àlòkù àti tuntun pọ̀ nídìí tábìlì kan, ojú á rí i. Láti orí ìjókòó dé orí tábìlì, 28 sí 30 ló rọrùn.

Ojúlówó àti ayédèrú

Àga Y ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù nínú àwọn tó jẹ́ igi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè: igi tó tẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí ìlà igi máa bá a yípo láti apá kan dé èkejì. Ti ayédèrú, wọ́n máa ń gé igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á fi àwọ̀ bò ó. Níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ló máa kán sí, nígbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ti apá láti dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ wo okùn: tí ẹ bá ń rí páálí láàárín rẹ̀, tàbí tó ń dán bíi rọ́bà, tàbí tí ìka bá lè ya okùn méjì sọ́tọ̀ láìlo agbára, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi ọwọ́ tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá àmì ilé iṣẹ́ lábẹ́ férémù, àmọ́ ẹ má fi àmì nìkan dájọ́; àmì ló rọrùn jù láti ṣe.

Fún àwọn tó wà ní ìlú Ọba, òfin ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣe àdàkọ irú àga báyìí tí 25 ọdún bá ti kọjá lẹ́yìn tí ó ti bọ́ sọ́jà. Ní 28 oṣù keje 2016, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì fún àwọn tó ní ọjà nílẹ̀ di 28 oṣù kìíní 2017 láti tà á tán. Àga tí òfin bá kà sí iṣẹ́ ọnà ti ní ààbò báyìí títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó yà á. Mogensen kú ní 1972, Ray Eames ní 1988, Wegner ní 2007. Ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní Jàpáánì, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i ní 2011 pé ìrísí àga Y fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì òwò. Olùtajà ni òfin ń lé, kì í ṣe ẹni tó jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ayédèrú wọlé láti tà, ẹ kíyè sára.

Ta ni kó mú èwo

Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà, tí gbogbo ènìyàn ń jẹun lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: Eames tuntun, onírọ́bà. Má ṣe ra fáíbà àlòkù fún ọmọdé.

Yàrá kékeré, ènìyàn mẹ́fà, owó tí kò pọ̀ rẹpẹtẹ: J39, oak tàbí beech, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo tábìlì oúnjẹ fi ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì máa ń pẹ́ lórí ìjókòó, àga Y ni, bó bá jẹ́ méjì péré ló lè kọ́kọ́ rà. Ó bá J39 lọ dáadáa nídìí tábìlì kan: Y kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun tábìlì méjèèjì, J39 mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn kan náà ni yóò pa wọ́n pọ̀.

Tó bá jẹ́ mẹ́fà ni ẹ fẹ́ ní irú kan náà, ẹ rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ní igi kan, ní ìpara kan. Oak olóròóró máa ń pọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń bà á, walnut a sì máa ṣá. Èyí tí ẹ bá rà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ní jọ àwọn tó ti wà nílé, ẹ ó sì ní láti gbé e sójú fèrèsé fún ìgbà pípẹ́ kó tó bá wọn mu.